Àpótí Ayálégbé Tó Gba Ilé Mọ́ Opó Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sá lọ. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí bí ilé opó kan ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí.

1.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Mo-Ti-Mọ̀ là ń pè é, torí kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Ó kọ ètò kan sórí blọ́kíṣéènì, ìyẹn ìwé orí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé jọ ń wò, tí ẹnikẹ́ni ò lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ilé onílé ni ètò náà ń tọ́jú. Àwọn aláṣẹ ìlú ti fọwọ́ sí i: ẹni tí ètò bá pè ní onílé, òun ló nilé.

Onílé kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì níbẹ̀. Kì í ṣe ti báńkì o. Ẹ fojú àpótí wò ó. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé ló wà nínú rẹ̀. Ayálégbé náà ní àpótí tirẹ̀: orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé tó ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, opó tó ń ránṣọ, ló kọ́kọ́ fi ilé sí i.

"Ọmọ mi, ilé kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nìyí o."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

2.
Àbúrò Mo-Ti-Mọ̀ kan tó jẹ́ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, bá a yẹ ètò wò. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ilé fún ẹlòmíì, kí ni ètò yín máa yẹ̀ wò?"

"Bóyá ètò mi ló ni àpótí tó gbé wá. Tí kì í bá ṣe tèmi, á lé e dànù. Ayédèrú ò lè wọlé."

"Ìyẹn dáa. Àmọ́ àpótí onílé àti ti ayálégbé, ètò yín ló ni méjèèjì. Ṣé ó ń wo irú èyí tó jẹ́?"

"Mo ti mọ̀."

"Agolo iyọ̀ àti agolo ṣúgà, ilé ìdáná yín ni méjèèjì wà. Ṣé èyí tọ́wọ́ yín bá ṣáà ti bà lẹ máa bù sí tíì?"

"Èmi kì í mu tíì."

"Ìlà kan péré ni! Ẹ fi àmì sára irú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ètò kọ́kọ́ ka àmì náà."

"Ọ̀la la ń ṣí i fáráyé. Àbí ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ọmọbìnrin náà ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń hanrun ní tiẹ̀.

3.
Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkùnrin kan yá yàrá ẹ̀yìn nílé opó, fóònù ló ń tún ṣe. Ó wọ orí ètò bí ẹni tó fẹ́ ta ilé; níbi tí ètò ti ní kó gbé àpótí onílé wá, ti ayálégbé rẹ̀ ló gbé sílẹ̀.

Ètò wò ó: tèmi ni àpótí yìí. Ó ka orúkọ: ó bá ti ẹni tó fọwọ́ sí i mu. Ó ka nọ́ńbà: ilé opó ni. Ó bá gbà fún un!

Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ta ilé náà fún ẹnì kan lókè òkun, ó sì ti kó ẹrù ẹ̀ lọ.

4.
Opó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí lọ́yà kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹni tó ra ilé yìí ní kẹ́ ẹ jáde."

"Ra ilé wo? Ta ló tà á?"

Opó pe Mo-Ti-Mọ̀. Ó sáré dé, ó ṣí kọ̀ǹpútà.

"Pa títà náà rẹ́," ni opó wí.

"Ohun tó bá ti wọlé síbẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́, Màmá. Mo ti kọ ètò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni ò tún lè ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Tèmi ńkọ́?"

Mo-Ti-Mọ̀ pa kọ̀ǹpútà dé.

Lónìí, yàrá kan ni opó yá, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ló ń sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò, ìkìlọ̀ rèé: kẹ́ ẹ tó gba àpótí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè pé ta ló ni ín, kẹ́ ẹ sì tún béèrè pé irú èwo ni. Ọ̀kan ò tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé dúkìá lé wọn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló bá wọn yẹ iṣẹ́ náà wò, kí lẹni náà sì sọ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó ń kọ ètò, kó tó ṣí tiẹ̀ fáráyé.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.