Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Mọ̀ Pé Òun Kò Mọ̀

Ohun tó ba ayé ọmọbìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, orí rẹ̀ kò sì kú. Ìtìjú àìmọ̀ ni. Láti kékeré ni kò ti lè la ẹnu sọ pé, "Kò yé mi." Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé, á máa mi orí bí alángbá, kódà kí ọ̀rọ̀ náà má tíì wọ̀ ọ́ létí. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Mo ti mọ̀ ọ́n." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúkú sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Bàbá rẹ̀, télọ̀ ni, fi ayọ̀ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Lọ́dún kìíní, ẹ̀kọ́ tó le jù níbẹ̀ ni ìṣirò oògùn: bí dókítà bá kọ iye oògùn tí aláìsàn máa gbà, mélòó ni kí nọ́ọ̀sì fà sínú abẹ́rẹ́? Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀, tó tún un ṣe, tó tún fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ. Wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, torí àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò yìí lè pa èèyàn.

Olùkọ́ ìṣirò náà, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, fi áàpù kan sórí fóònù àwọn ọmọ tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, áàpù náà á bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó bá gbà á, á fún un ní èyí tó le jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í, áàpù á fi ibi tó kù sí han Màmá. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Màmá á pe àwọn tí ìṣirò ń dà láàmú sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, á jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi yé wọn.

"Ẹ má bẹ̀rù àṣìṣe o," ló sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Eléyìí kì í ṣe ìdánwò. Àṣìṣe yín ni mo fi ń mọ ẹni tí màá ràn lọ́wọ́."

Àmọ́ àwọn aláwàdà ti sọ yàrá náà ní Ààfin Olódo. Ẹni tó bá ti ń wọ ibẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n á ní, "Kábíyèsí!" Mo-ti-mọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá fi orí ara òun dáhùn ìbéèrè, òun ni ọba tó kàn.

Ló bá dá ọgbọ́n. Áàpù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ya fọ́tò ìṣirò sí i, á tú u palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi èyí sórí fóònù rẹ̀ àtijọ́, ó ń fi ya ìbéèrè Màmá, ó sì ń da ìdáhùn rẹ̀ kọ. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi wà lókè téńté. Màmá yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kàkà kó dẹ̀ lára ewé àgbọn, pípele ló ń pele sí i: bó ṣe ń gba ìbéèrè ni áàpù ń gbé èyí tó le sí i wá, títí tí kò fi mọ ohun tí wọ́n tilẹ̀ ń béèrè mọ́.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kì í fi Ààfin Olódo ṣeré. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó fọwọ́ tọ́ ọ.

"Ọ̀rẹ́ mi, dìde ká jọ lọ. Màmá máa ń là á yé èèyàn."

"Kí n wá ṣe kí ni níbẹ̀? Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Tóò. Èmi ò mọ̀ ọ́n ní tèmi. Jẹ́ n lọ jọba."

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí sáà fi máa parí, ọba yìí ti ń ṣe ìṣirò oògùn lórí ahọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n gba fóònù gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Mo-ti-mọ̀ tẹjú mọ́ ọn, kò mọ̀ bóyá kí òun pín in ni tàbí kí òun sọ ọ́ di púpọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ó fìdí rẹmi.

Màmá pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé? Ìwọ tó o máa ń gba gbogbo ẹ̀! Àbí ara ẹ ò yá ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún un níbí. Kò ju kó ní, "Màmá, kò yé mi" lọ. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ìtìjú bá gbé e mì.

"Orí ló ń fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mà."

"Háà, pẹ̀lẹ́! Ìsinmi lo nílò nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Lọ sùn dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe ń kọ́ àwọn yòókù tó fìdí rẹmi lójoojúmọ́, tí Mo-ti-mọ̀ sì ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wo àjà. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò ṣe, àwọn yẹn yege. Òun nìkan ló kù sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Ó bẹ Màmá títí. "Ẹ dákun, mà, ṣebí òun ló ń ṣe ipò kìíní?" Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọn Mo-ti-mọ̀, tó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Màmá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi áàpù náà hàn án. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wo inú áàpù yẹn, pé ta ló nílò mi. Mi ò rí ẹ níbẹ̀ rí."

"Màmá, kò yé mi," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Ọmọ mi," ni ìyá náà dáhùn, omi lójú òun náà, "o kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ gbọ́ o. Fóònù kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Èyí tó fi ibi tí a kù sí hàn wá, ọ̀rẹ́ gidi ni, ẹ má sì purọ́ fún un. Ẹni tó bo egbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oníṣègùn, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ yín ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀rín yín ló dí ẹlòmíràn lẹ́nu. "Kò yé mi" kì í ṣe èébú. Ẹni tó bá tètè sọ ọ́ á rí ẹni kọ́ ọ. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó sọ ọ́ lè má bá olùkọ́ nílé mọ́.