Abẹ́rẹ́ Tó Dúró Sójú Kan

Oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí Bàbá Oyèlárán fun fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì. Awóníyì mẹkáníìkì, tó háyà yàrá àti ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé náà ní Ìrẹ̀mọ, nílùú Ifẹ̀, ló lọ ṣí i fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìbàdàn ńkọ́?"

"Ó wà."

"Morẹ́nikẹ́ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

Bàbá na búrẹ́dì sí i láti ojú fèrèsé. Awóníyì gbà á, ó fẹ́ yẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí dáṣíbọọ̀dù. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná sí ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lójú ibi tútù.

"Bàbá, ẹ má tíì pa á. Láti Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ yìí ò kúrò níbi tó wà?"

Bàbá wo abẹ́rẹ́ náà. "N ò kíyè sí i."

"Sẹ́ńsọ̀ tó ń darí rẹ̀ ti kú nìyẹn."

"Ṣé ìyẹn ní kí mọ́tò má rìn ni?"

"Ó ń rìn, àmọ́ ó ti fọ́jú. Bí omi bá gbẹ nínú rẹdiétọ̀, kò sóhun tó máa sọ fún yín. Ẹ ó kàn gbọ́ ariwo nínú igbó lẹ́yìn Edúnàbọ̀n, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, ẹ̀yin nìkan níbẹ̀."

"Fi sílẹ̀. Mọ́tò yìí ò já mi kulẹ̀ rí."

Comfort, ìyàwó Awóníyì, ti jáde sí wọn.

"Bàbá, ṣé Morẹ́nikẹ́ rí èlùbọ́ gbà?"

"Ó rí i gbà. Ó dúpẹ́ títí."

"Òmíràn á tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun." Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó yí i wò. "Búrẹ́dì Ìbàdàn yìí mà jọ ti Modákẹ́kẹ́ o."

"Ìyẹ̀fun kan náà ni gbogbo wọn ń lò, Ìyàwó."

"Fisáyọ̀mi ti ń rẹ́rìn-ín?"

"Ta ni Fisáyọ̀mi?"

"Ọmọ ọmọ yín kẹ̀."

"Háà. Ìníolúwa ni wọ́n ń pè é báyìí."

"Orúkọ mélòó lẹ sọ ọmọ náà gan-an?"

"Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ pọ̀," ni Bàbá wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ. Ilé náà tóbi, yàrá kan ṣoṣo ni iná sì máa ń tàn níbẹ̀.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Morẹ́nikẹ́ nìkan sì ni ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á pààrọ̀ aṣọ, á sọ fún ẹni tó bá jókòó síta pé òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, á sì wa mọ́tò jáde.

Ọdún 1994 ni, epo bẹntiróòlù wọ́n. Láti ìdájí ni mọ́tò ti ń tò sílé epo, kò sì sẹ́ni tó rí Bàbá lórí ìlà rí. Awóníyì máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Ẹ wo mọ́tò Bàbá Oyèlárán. Ìbàdàn, àlọ àtàbọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Epo kì í tán níbẹ̀. Ta ló tún un ṣe? Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Awóníyì ń yọ Bàbá lẹ́nu títí ó fi di Ọjọ́rú, tí Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Iwájú nìkan ni kí o ṣí," ni Bàbá wí. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu jù."

Awóníyì tú sẹ́ńsọ̀ náà, ó so wáyà gígùn mọ́ ọn. Ó gbé sítóòfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kí Comfort gbé omi kaná. Nígbà tí omi hó, ó ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́.

"Ó ti kú?" ni Comfort bi í láti ìdí sítóòfù.

Awóníyì yọrí wo omi tó ń hó, ó tún wo abẹ́rẹ́.

"Mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo lo rí Bàbá nílé epo gbẹ̀yìn?"

"Èmi? N ò rí i níbẹ̀ rí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ yín ni."

Awóníyì sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú sípánà nínú búùtù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pa búùtù dé jẹ́jẹ́, ó sì padà wá lọ́wọ́ òfo.

"Sípánà ńkọ́?"

"Gbé omi rẹ kúrò lórí iná."

Nígbà tí Bàbá dé, kò jókòó. "Kí lo bá níbẹ̀?"

"Sẹ́ńsọ̀ ti kú, Bàbá. Irú rẹ̀ ò sì sí ní Ifẹ̀ báyìí."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ṣebí mo ní kí o fi sílẹ̀."

"Ẹ máa wà á bẹ́ẹ̀. Ara ẹ́ńjìnì le. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè abẹ́rẹ́, ẹ ní Awóníyì ló ní ó ti bàjẹ́."

"Kò séwu lójú ọ̀nà mọ́?"

"Kò séwu lójú ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà."

Bàbá ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Comfort fẹ́ gúnyán lọ́jọ́ Ìsinmi," ni Awóníyì wí. "Ẹ bá wa jẹ ẹ́."

"Morẹ́nikẹ́ ń retí mi."

"Bí ẹ bá dé ni. A ó dè yín."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Comfort gbé ìdì èlùbọ́ mìíràn jáde. Awóníyì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e ka orí ìjókòó iwájú.

"Ẹ kí Morẹ́nikẹ́."

"Á gbọ́," ni Bàbá wí, ó sì wa mọ́tò jáde, ó yà sí ọ̀nà Ìbàdàn.

Awóníyì ti géètì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, níbi tí wáyà kékeré tó fúnra rẹ̀ gé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ wà láti Ọjọ́rú, ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gòkè dáadáa nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú omi gbígbóná, tó wá yé e pé mọ́tò náà kì í rìn jìnnà débi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ á fi gbóná, tó lọ ṣí búùtù, tó sì bá gbogbo èlùbọ́ Morẹ́nikẹ́ níbẹ̀, ìdì lórí ìdì, bí Comfort ṣe dì wọ́n gẹ́lẹ́.