Géètì Tó Kọ́ Bí A Ti Ń Kíni

Ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, géètì ọ̀nà oko tí àwọn èèyàn ti ń nasẹ̀ kì í ṣí fún ẹni tí kò bá kí i. "Ẹ káàárọ̀" lásán ti tó tẹ́lẹ̀, kí Màmá Dúrótoyè tó ti Ìsẹ́yìn dé. Tirẹ̀ yàtọ̀: "Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àbúrò yín, géètì ẹ̀bá odò, ńkọ́?" Kò pẹ́ tí géètì náà fi kọ́ ọ.

Lónìí, Màmá bá aládùúgbò rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Píkọ́ọ̀kì, tí òjò ń pa níwájú géètì.

"Màmá, mo ti kí i! Ó ní ìyàwó mi ńkọ́."

"Ẹ dá a lóhùn."

"Ó ti kọ̀ mí sílẹ̀," ni Píkọ́ọ̀kì wí.

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni géètì wí, kò sì ṣí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Màmá ṣí agbòjò bo àwọn méjèèjì. "Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ o. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti fẹ́ béèrè."