Bàtà Ẹnu Ọ̀nà

“Ó ti mú ọkùnrin wọlé, Olúwa mi!” Ní kóòtù, awakọ̀ kan nawọ́ sí obìnrin tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ títí di èṣí. “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ tú wa ká, pé kí n máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí yóò fi bá ẹlòmíràn gbélé. Ṣé òógùn ojú mi ni kí ọkùnrin yẹn wá máa jẹ ni?”

“Ẹ rí ọkùnrin ọ̀hún?” adájọ́ bi í.

“Mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láti òdìkejì títì. Mo sì ń gbọ́ obìnrin yìí nírọ̀lẹ́: ‘Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ yín ti ń tutù.’”

“Kí lọkùnrin náà fi dáhùn?”

Awakọ̀ ṣẹ́jú. “N kò gbọ́ kó dáhùn.”

“Kì í dáhùn,” obìnrin náà rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan lójú oorun. “Kì í dáhùn, kódà nígbà tó ṣì wà nílé.”

Akọ̀wé gbé bàtà tó lọ mú lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà láàárọ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán, ti òsì ṣì le, bíi bàtà ẹni tó ti pẹ́ nídìí ìjánu ọkọ̀.

Awakọ̀ wo gìgísẹ̀ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ mọ ẹni tó ni ín?” adájọ́ bi í.

Kò dáhùn.