Òkè Kékeré Tí Chhewang Fojú Di

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, torí ẹni tó ń bá wí lè máa gbé inú ilé yín.

1.
Láti ìgbà èwe ni Chhewang ti ń dáná fún àwọn tó ń gun òkè ní Khumbu, ilẹ̀ àwọn òkè oníyìnyín. Ohun tó wù ú jù láyé ni kí wọ́n mú un kúrò nídìí ìkòkò, kí òun náà di amọ̀nà. Gyalbu, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ni olórí àwọn amọ̀nà. Ó pè é.

"Mo ti fi orúkọ ẹ sínú ìwé àṣẹ òkè tá a fẹ́ gùn. Tó o bá lọ re, tó o bọ̀ re, o ti di amọ̀nà nìyẹn. Àmọ́ wàá kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ okùn."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti Chhewang ṣubú. "Òkè arìnrìn-àjò" ni wọ́n ń pe irú òkè kéékèèké bẹ́ẹ̀ lórí ìwé àṣẹ. Bó ṣe gbọ́ "ìrìn" báyìí, ẹ̀rín pa á.

"Ìrìn kẹ̀? Ẹsẹ̀ tí mo fi ń ru ọ̀dùnkún gòkè látọjọ́ yìí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀ ni?"

"Ẹja tó mọ odò ò mọ ìkòkò o!"

2.
Nísàlẹ̀ òkè, wọ́n sun ewé olóòórùn dídùn, wọ́n tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ òkè. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù de irin eléyín mọ́ bàtà, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá ojú ìdè, níbi tí wọ́n ti de okùn mọ́ yìnyín: fi ìkọ́ kejì tó wà ní ìbàdí rẹ kọ́ okùn tó wà níwájú ná, kó o tó yọ ti àkọ́kọ́.

Chhewang jókòó ti tíì oníbọ́tà rẹ̀. "Ẹ wò wọ́n, bí ewúrẹ́ tó wọ bàtà!"

"Chhewang, wá fọwọ́ ara ẹ ṣe é."

"Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n. Ojú mi ti kọ́ ọ."

"Ojú kọ́ ló ń di okùn mú."

Kò dìde.

3.
Ara ògiri yìnyín ni wọ́n wà nígbà tí oòrùn yọ. Áà, Ẹlẹ́dàá tóbi! Òkè lẹ́yìn òkè pọ́n bí ẹyinná, wọ́n sì dákẹ́ bí ìjọ tí Olúwa wọ àárín rẹ̀. Ìkùukùu tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí ẹní. Chhewang ẹlẹ́nu wẹ́jẹ́wẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ wọn. Omijé ló ń dà lójú rẹ̀.

Inú omijé yẹn ló wà tó fi dé ojú ìdè. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ò jẹ́ kó rí ìkọ́ dì mú. Ó bọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Jìnnìjìnnì bò ó, ó sì yọ ìkọ́ àkọ́kọ́.

"Chhewang! Ìkọ́ kejì ńkọ́?"

Ó ti yọ̀ tẹ̀rẹ́.

Òkìtì yìnyín kan ló gbà á. Ọlọ́run ló ṣe é! Ṣùgbọ́n kí Gyalbu tó sọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà ti funfun bí àbẹ́là.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

4.
Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé gbogbo ìka ọwọ́ náà, torí òtútù ti pa wọ́n. Kò lè di okùn mú mọ́ láéláé, ìdí ìkòkò tó ń sá fún náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Gyalbu wá kí i, Chhewang ní:

"Ẹ̀gbọ́n, òkè yẹn kọ́ ló kéré. Èmi ni."

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ o! Ìwé àṣẹ lè ṣílẹ̀kùn fún ọ, kò lè kọ́ ọwọ́ rẹ níṣẹ́. Ọwọ́ tó dá òkè ńlá náà ló dá kékeré. Má fojú di ohun tí ayé pè ní kékeré, má sì tijú láti kẹ́kọ̀ọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.