Fèrèsé Kejì

"Yára jàre, fèrè ọ̀sán ti fẹ́ dún!" Ọkọ ń fa ìyàwó rẹ̀ la gbàgede Kraków kọjá.

"Ẹsẹ̀ ń ro mí. Jẹ́ ká lọ jẹ pierogi."

"Pierogi kẹ̀? Panápaná máa fun ún láti fèrèsé mẹ́rin lórí ilé-ìṣọ́. Ṣebí iṣẹ́ olóògbé ọkọ àárọ̀ rẹ nìyẹn?"

Ìyàwó fa àkẹtẹ̀ bojú.

Fèrè dún láti fèrèsé àkọ́kọ́. Afunfèrè yọjú, ó ń juwọ́ sáwọn èrò bí ìṣe wọn. Ọkọ ṣí àkẹtẹ̀ lórí ìyàwó kó lè ya fọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ afunfèrè dúró gbagidi lókè.

Wọ́n retí fèrèsé kejì. Ó pa lọ́lọ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ní ká lọ jẹ pierogi," ìyàwó fèsì, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn ilé-ìṣọ́. "Ọkọ àárọ̀ mi ò kú."