Ọ̀gá Ṣe-Kíá àti Yàrá Tó Fi Ẹrẹ̀ Dí

Ìkánjú ni àìsàn tó ń ṣe Ọ̀gá Ṣe-kíá, irọ́ ló sì fi ń wo àìsàn náà. Òun ni olórí àwọn tó ń dí ihò níbi ìwakùsà kan. Bí àwọn awakùsà bá ti kó kùsà tán nínú yàrá kan nísàlẹ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti po iyanrìn, sìmẹ́ǹtì àti omi, kó sì fi dí yàrá náà, kí òkè má baà wó lé àwọn tó ń wa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé kò mọṣẹ́ o. Ó mọ̀ pé àpòpọ̀ tó bá ki ló ń le, àti pé a gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó ki kì í tètè ṣàn nínú páìpù, ìyìn ẹni tó yára ló sì ń wù ú. Ó bá ń bu omi lé e. Yàrá tí àwọn ẹlòmíràn ń pẹ́ nídìí rẹ̀, kíá ni tirẹ̀ ti kún.

Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò a máa gba díẹ̀ nínú àpòpọ̀ náà tó bá gbẹ, wọn a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò fọ́. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí wọ́n rí ojúlówó. Inú abọ́ ìfọṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ti po tiwọn nílé, ó sì da sìmẹ́ǹtì sí i yàlàyàlà.

"Ọ̀gá, ẹ mà kú iṣẹ́ o! Èyí le ju òkúta lọ," ni àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ máa wa kùsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí Ọ̀gá fi àpòpọ̀ olómi dí. Àyà Ọ̀gá já. Ó sáré lọ bá a nílé ìyá wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá. Má lọ síbẹ̀."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo ní má lọ! Àbí o ò gbọ́ ni?"

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ dí ibẹ̀. Bí mi ò bá fọkàn tán iṣẹ́ yín, ti ta ni kí n wá fọkàn tán?"

Ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ìbá gba ọmọ náà là. Ọ̀gá ro ti ipò rẹ̀, ó sì panu mọ́. Ọ̀dájú ènìyàn!

Bí àbúrò ṣe dé ibi iṣẹ́, tó gbé ẹ̀rọ sí òkúta báyìí, ibẹ̀ mì, ògiri àpòpọ̀ náà ya, ẹrẹ̀ sì tú jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa wú u jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Wọ́n yẹ ẹrẹ̀ náà wò, àṣírí tú, adájọ́ sì rán Ọ̀gá lọ sẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, "Ìyá mi, ẹ foríjì mí."

"O mọ̀," ni ìyá wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lójú mi, o mọ̀. Ìwọ lo ti sin ọmọ mi kó tó kú."

Ìyá yí padà, kò sì wá mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi ti Ọ̀gá Ṣe-kíá kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́, ẹ má ṣe fi ìkánjú ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ṣe é bàjẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ikú ọmọ ìyá ẹni.